Òfin ariwo àti ìpamọ́ àlàáfíà ìlú ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Òfin ariwo àti ìpamọ́ àlàáfíà ìlú ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni àkójọpọ̀ òfin, ìlànà àti àṣà tí ó ń sọ bí ariwo ṣe lè pọ̀ tó, àkókò tí ènìyàn lè pa á àti ibi tí ó ti lè pa á, ní ìlú méjèèjì yìí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Nàìjíríà. Kò sí ìwé òfin kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó pín sí ìpele mẹ́rin: òfin ìjọba àpapọ̀, òfin ìpínlẹ̀, òfin ìjọba ìbílẹ̀ àti àṣẹ ààfin. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nítorí náà, ẹni tí ariwo kò jẹ́ kí ó sùn ní láti mọ èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn kí ó tó lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà.

Àwọn ìlú méjèèjì

Àkúrẹ́ di olú-ìlú nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976. Déjì ni ọba ìlú náà. Ọ̀ṣẹmàwé ni ọba ìlú Oǹdó. Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ ni ó ń ṣàkóso Àkúrẹ́, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó sì ni ti ìlú Oǹdó.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò ti mú kí ìlú méjèèjì fẹ̀ sí i. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ (FUTA) bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981. Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED) bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó ní ọdún 2015, ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ sì ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì. Bí ilé ṣe ń fara kan ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ọtí, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìgbé wá ń bá ara wọn gbé ní òpópónà kan náà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ariwo ti ń wá: ẹ̀rọ amúnáwá tí ó ń ṣiṣẹ́ mọ́júmọ́, ẹ̀rọ ìlọta, gbohùngbohùn ìsọjí àti ìṣọ́ òru, orin ilé ọtí, àríyá tí wọ́n ta àgọ́ rẹ̀ sí ojú títì, àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ polówó oògùn nínú ọkọ̀.

Ìlànà ìbílẹ̀

Kí ìjọba òyìnbó tó dé, baálé ilé ni ó kọ́kọ́ ń parí aáwọ̀ láàárín agbo ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára rẹ̀, yóò lọ sọ́dọ̀ olóyè àdúgbò, lẹ́yìn náà yóò dé ààfin. Ní Àkúrẹ́, àwọn àgbà ìjòyè bí Lísà, Àsámọ̀ àti Ọdọpẹtu wà lára àwọn tí ń bá Déjì ṣàkóso. Ní Oǹdó, Lísà, Jọmù, Odunwo, Sàsẹ̀rẹ̀ àti Adaja ni ìjòyè àgbà tí ń bá Ọ̀ṣẹmàwé dámọ̀ràn. Agogo ni wọ́n fi ń kéde àṣẹ fún gbogbo ìlú.

Lójú àṣà, ìlù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àkókò àti ibi tí wọ́n ti lù ú ni ó ń di ọ̀rọ̀. Ní àsìkò Ulefunta ní Àkúrẹ́, Déjì máa ń wọ ìpèbí fún ọjọ́ 7 láti gbàdúrà fún ìlú, a sì ń retí pé kí ìlú rọlẹ̀ ní àkókò náà. Nígbà ọdún Aheregbe, ààfin a máa kéde pé kí ọjà àti ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Àwọn àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró lórí ọ̀wọ̀ tí ará ìlú ní fún ọba ju ìtanràn lọ.

Òfin ìjọba àpapọ̀

Òfin NESREA ti ọdún 2007 ni ó dá àjọ tí ń mójútó ìlànà àyíká ní Nàìjíríà sílẹ̀. Abala 22 rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ariwo. Ẹni tí ó bá rú ìlànà ariwo lè san ìtanràn tí kò ju ₦50,000 lọ, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, tàbí kí ó jẹ méjèèjì, pẹ̀lú ₦5,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ń lọ lọ́wọ́. Fún ilé-iṣẹ́, ìtanràn náà lè tó ₦500,000, pẹ̀lú ₦10,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà òdiwọ̀n àti ìdarí ariwo jáde. Ó pín wákàtí 24 sí méjì: ọ̀sán, láti aago 6 òwúrọ̀ sí aago 10 alẹ́, àti òru, láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni ó fi ń wọn ariwo. Òdiwọ̀n tí ó ga jù lọ fún irú ibi kọ̀ọ̀kan nìyí:

– Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ilé ìkàwé: 45 ní ọ̀sán, 35 ní òru.
– Ilé ìgbé: 50 ní ọ̀sán, 35 ní òru.
– Ibi tí ilé ìgbé, ìṣòwò àti ibi ìgbafẹ́ ti pọ̀ mọ́ra: 55 ní ọ̀sán, 45 ní òru.
– Ibi tí ilé ìgbé, ìṣòwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ti pọ̀ mọ́ra: 60 ní ọ̀sán, 50 ní òru.
– Àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá: 70 ní ọ̀sán, 60 ní òru.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán láàárín ènìyàn méjì máa ń tó nǹkan bí 60. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kò sì dà bí ìwọ̀n ìrẹsì: bí òǹkà bá fi 10 lé sí i, agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10. Nítorí náà, ìyàtọ̀ 15 tí ó wà láàárín ọ̀sán àti òru fún ilé ìgbé kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Ó fi hàn pé oorun ni òfin náà ń dáàbò bò jù lọ. Gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n yìí, àyíká FUTA, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó àti ilé ìwòsàn UNIMED yẹ kí ó dákẹ́ ju àyíká Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lọ.

Òfin ìpínlẹ̀ àti ẹjọ́ aládùúgbò

Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn wà ní Orí 37 nínú àkójọ òfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ọdún 2006. Abala 249(d) rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá sábà máa ń lò ní kóòtù májísíréètì Àkúrẹ́ àti Oǹdó fún ẹni tí ó bá hùwà tí ó lè da àlàáfíà ìlú rú ní gbangba. Òfin yìí kò wọn ariwo. Ìwà ni ó ń wò: ìjà, èébú, ìhàlẹ̀ àti ìrúkèrúdò. Ẹni tí ó gbé orin sókè nínú ilé rẹ̀ lè má bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun àti aládùúgbò rẹ̀ bá torí orin náà wọ̀yá ìjà ní ìta, àwọn méjèèjì lè dé iwájú adájọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ariwo ń yọ lẹ́nu ni ó ti ibẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Yàtọ̀ sí ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹni tí ariwo ń yọ lẹ́nu lè pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ní ọdún 1970, nínú ẹjọ́ kan tí ó wáyé lórí ilé méjì ní Sùúrùlérè, ìlú Èkó, ilé-ẹjọ́ gbà pé ariwo adìyẹ ní òwúrọ̀ kùtù àti òórùn ọgbà adìyẹ náà ti kọjá ohun tí aládùúgbò yẹ kí ó fara dà. Ó ní kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú. Irú ẹjọ́ yìí fi hàn pé kò di dandan kí ariwo jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn kí kóòtù tó dá sí i. Ohun tí adájọ́ ń wò ni bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó, ìgbà tí ó ń wáyé, bí ó ṣe pẹ́ tó àti irú àdúgbò tí ó jẹ́.

Agbára ìjọba ìbílẹ̀

Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ náà ariwo kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ọjà, ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ìpolówó ìta gbangba àti ìwé àṣẹ títa ọtí. Púpọ̀ nínú ariwo ìlú ni ó ń ti àwọn ibi wọ̀nyí jáde. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ lè fi àdéhùn sínú ìwé àṣẹ ilé ọtí, kí ó sì yan àkókò fún ọjà àti ibùdókọ̀, láìjẹ́ pé ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ariwo.

Ẹ̀tọ́ ìjọsìn àti ẹ̀tọ́ ìsinmi

Ibi tí àríyànjiyàn ti le jù ni ilé ìjọsìn. Abala 38 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ṣùgbọ́n abala 45 gba òfin tí ó bá ọgbọ́n mu láàyè, bí ó bá jẹ́ nítorí àlàáfíà ìlú, ìlera gbogbo ènìyàn tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Òfin kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà, ṣùgbọ́n ó lè sọ bí gbohùngbohùn yóò ṣe pariwo tó ní aago 2 òru. Ìbéèrè kan náà ń bá àṣẹ ààfin fínra: ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lè béèrè bí ó ṣe di dandan fún un láti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ọdún.

Ìgbésẹ̀ fún ẹni tí ariwo ń yọ lẹ́nu

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti bá ẹni tí ó ń pariwo sọ̀rọ̀ nígbà tí ara bá tutù, kì í ṣe ní òru tí inú ń bí ni. Bí kò bá gbọ́, ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò, baálé tàbí olóyè lè dá sí i. Ó dára kí ènìyàn máa kọ ọjọ́, wákàtí àti irú ariwo náà sílẹ̀, nítorí kóòtù yóò béèrè ẹ̀rí. Lẹ́yìn èyí ni ó lè kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń mójútó àyíká tàbí NESREA. Bí ariwo bá ti di ìjà tàbí ìhàlẹ̀, ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ kàn. Kóòtù ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn, nítorí àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, aládùúgbò sì kọ́ ni ẹni tí ènìyàn lè tètè kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àfiwé pẹ̀lú ibòmíràn

Ní Èkó, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń jẹ́ LASEPA ni ó ń lé ariwo kiri. Ní ọdún 2016, ó kéde pé òun ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa, pẹ̀lú àwọn ilé ìtura àti ilé ọtí mélòó kan, nítorí ariwo. Ní Accra, olú-ìlú Gánà, àwọn Gà máa ń fi òfin de ìlù àti ariwo fún ọjọ́ 30 ṣáájú ọdún Homowo. Ní òpin àwọn ọdún 1990, òfin náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Gà àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ àwọn olóyè Gà, ìjọba ìlú àti àwọn olórí ẹ̀sìn ti ń jókòó pọ̀ kí àkókò náà tó dé, tí ìkéde fi ń jáde ṣáájú. Ọ̀nà ti Èkó gbára lé àjọ kan ṣoṣo tí ó lágbára, ti Accra sì gbára lé ìjíròrò. Ohun èlò méjèèjì ni ó wà nínú òfin àti àṣà tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó ní.