Bí edé inú odò Wouri ṣe sọ orílẹ̀-èdè Cameroon lórúkọ

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ara edé ni orúkọ Cameroon ti jáde?

Lọ́dún 1472 ni àwọn atukọ̀ Potogí dé ẹnu odò Wouri, níbi tí ìlú Douala wà lónìí. Edé tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n pe omi náà ní Rio dos Camarões, ìyẹn Odò Edé.

Omi yìí ló gbé òwò dé, òun náà ló gbé ìjọba àjèjì dé. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1884, àwọn ọba Duala tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì, lórí pé ilẹ̀ wọn kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba Jámánì wá fẹ́ gba ilẹ̀ etí odò, Ọba Rudolf Duala Manga Bell kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1914.

Ọ̀rọ̀ etí omi náà kò tíì tán. Ní erékùṣù Manoka, tó wà lábẹ́ Douala, ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹja pípa jẹun. Igi mangrove tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gé láti fi yan ẹja. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́ gbòǹgbò yìí ni ọmọ ẹja àti edé ti ń dàgbà, òun ló sì ń dá ìgbì dúró kó má baà gbá ilẹ̀ lọ.

Bí igi náà bá tán, kí ni wọn yóò rí yan?