Ta Ni Kí Á Fún Ní Oúnjẹ, Ta Ni Kí Á Fún Ní Àáké? Ìtàn Owó Ìrànwọ́ Ìjọba

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tó dá ẹ̀dá ní oríṣiríṣi. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sọ̀hábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islām, bí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba bá délẹ̀ láàárín wa, ohùn méjì ni à ń gbọ́. Àwọn kan á ní ìjọba tó bá ń fúnni lówó lọ́fẹ̀ẹ́ ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ ni. Àwọn kan á ní ẹni tí Ọlọ́hun dá ní afọ́jú tàbí arọ, ìjọba ló yẹ kó máa bọ́ ọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan náà ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn.

Ọmọ Ansọ́ọ̀rù kan wá tọrọ lọ́wọ́ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì bi í léèrè ohun tó ní nílé. Aṣọ kan àti ife kan péré ni. Ànábì gbé méjèèjì sọ́jà láàárín àwọn sọ̀hábà, wọ́n sì rà wọ́n ní dírámù méjì. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kó fi èkejì ra àáké. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ànábì fi ki igi bọ àáké náà, ó sì ní kó lọ máa ṣẹ́gi tà, òun kò fẹ́ rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó padà dé, ó ti ní dírámù mẹ́wàá lọ́wọ́. Abu Dāwūd gba hádíìsì yìí wá. Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ ló ṣáájú àáké. Ebi kì í jẹ́ kí èèyàn lè ṣẹ́gi.

Àwọn tí kò lè gbé àáké ńkọ́? Kálífà Al-Walīd ọmọ Abdul-Malik jọba ní Damásíkù láti 705 sí 715. Àwọn òpìtàn sọ pé ó ń fún àwọn adẹ́tẹ̀ ní owó, ó sì ní kí wọ́n má tọrọ lọ́wọ́ èèyàn mọ́. Ó fún arọ ní ìránṣẹ́ tí yóò máa ràn án lọ́wọ́, ó fún afọ́jú ní ẹni tí yóò máa mú un rìn. Ilẹ̀kùn agbe tì, ilẹ̀kùn owó ìlú ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ irú èyí. Ní 1971, ìjọba Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ owó fún àwọn tí àìlera wọn pọ̀ débi pé ẹlòmíràn ní láti máa tọ́jú wọn. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1992, wọ́n tún un tò ní 2013. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gba owó yìí, nítorí ìnáwó tí àìlera ń kó báni ni wọ́n ń san án fún. Àwọn tó ń gbà á wá pọ̀ sí i gan-an. Ní 2025, ìjọba fẹ́ mú un le, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ wọn gan-an kọ̀, ìjọba sì fà sẹ́yìn. Àríyànjiyàn wọn kò yàtọ̀ sí tiwa.

Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní oṣù kìíní 2019. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àkàndá ẹ̀dá ṣagbe. Ó tún ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí wọ́n jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn, ó kéré tán. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí owó oṣooṣù fún wọn nínú òfin náà. A ti ilẹ̀kùn agbe, a kò tíì ṣí èkejì. Owó tó sì wà lọ́wọ́ gómìnà kan ṣoṣo kì í pẹ́: Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún arúgbó ní 2011, nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dúró.

Ẹ wá wo ilé wa. Ní 1998, lábẹ́ Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ àti àwọn ọmọ ìlú jókòó lórí ọ̀rọ̀ òṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kò rí dọ́là kan ná lójúmọ́. Wọn kò pín owó. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó tí wọn yóò dá padà. Ibẹ̀ ni abúlé ẹlẹ́ja Eriwe ti jáde, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sin ẹja àrọ̀ tà títí dòní. Àáké tiwa nìyẹn. Ọwọ́ kan kò sì gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ara yín le, tí ẹ ń retí kí owó ìjọba wọlé sórí fóònù kí ẹ tó dìde, ẹ̀yin ni ìtàn alágbára Mẹdínà ń bá wí. Ẹ má fi ẹ̀tọ́ afọ́jú ṣe àwáwí.

Ẹ̀yin òbí tí Ọlọ́hun fún ní ọmọ tó jẹ́ àkàndá, ẹ má ṣe rò pé oúnjẹ nìkan ló tọ́ sí i. Afọ́jú ni Abdullāhi ọmọ Ummu Maktūm, òun ni ó ń pe ìrun pẹ̀lú Bìlálì, Ànábì sì fi í ṣe adelé ní Mẹdínà nígbà tó bá rìnrìn àjò. Ẹ má gbé ọmọ náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé kéwú àti ilé ìwé.

Ẹ̀yin jàmáà, Umar ọmọ Khattāb kọ orúkọ àwọn èèyàn sínú ìwé kó tó máa pín owó ìlú. Ẹ jẹ́ kí á kọ orúkọ àwọn àkàndá àdúgbò wa. Sàká jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn aláìní, gẹ́gẹ́ bí Sūratut-Tawbah ṣe kà wọ́n. Ẹni tó nílò oúnjẹ, kí á fún un lóṣooṣù láìjẹ́ pé ó tọrọ. Ẹni tó lè gbé àáké, kí á ki igi bọ̀ ọ́ fún un, bí Ànábì ti ṣe.

Kí Allāhu má fi wá sí ọwọ́ ẹ̀dá, kí Ó sì má jẹ́ kí aláìní ti ọ̀dọ̀ wa sunkún lọ bá A. Āmīn.