Páànù Ilé Wa àti Ọ̀dà Rẹ̀

Ní 1837 ni Sorel, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí fífi síǹkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1863, Richard Burton fi ilé onípáànù tí kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ń gbé l'Ékòó wé pósí; síbẹ̀, àwọn baba wa fi páànù rọ́pò bẹẹrẹ tí iná ń jó. Ṣùgbọ́n bí síǹkì bá ṣí, ìpẹtà dé. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ń fi owó ọ̀dà ránṣẹ́ láti ẹ̀yìn odi, a bẹ̀ yín, ẹ fi owó ẹni tí yóò kọ́kọ́ ha ìpẹtà kún un. Àwa tí a wà nílé ti rí i: ọ̀dà tí a kùn lé ìpẹtà kì í pẹ́ bó. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.