Bí Àgbà Bá Ṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tí ó gbé òun ṣubú. Ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti í mọ́ wá, ní ẹmájẹ́ńsì ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1975, iwájú ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò lè dúró ro ẹjọ́.

Ẹni tí ó ń ké jù kọ́ ni ó fara pa jù. Ọlọ́kadà tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ lè máa lọgun kí gbogbo ilé gbọ́, nígbà tí èrò tí ó gbé sẹ́yìn, tí kò ní ju ìbó lórí lọ, ń tòògbé jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀, tí àwọn ẹbí sì ń dúpẹ́ pé ó rí oorun sùn, láìmọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣàn sínú agbárí. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ìlú Glasgow fi gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1974: bóyá ojú là, bóyá ọ̀rọ̀ já geere lẹ́nu, bóyá apá òun ẹsẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ pé a gba 15, ẹni tí kò mira rárá a gba 3. Èyí tí kò bá ju 8 lọ, ọ̀ràn rẹ̀ ti kọjá àfẹnusọ.

Ta ni yóò wá wo ẹ̀yìn? Igbà a máa já mọ́ ẹlẹ́mu nídìí lórí ọ̀pẹ; kẹrosíìnì tí wọ́n da bẹntiróòlù mọ́ a máa gbiná lójú alásè; ẹni tí ó sì gbé Ifẹ̀ láàrin 1997 sí 2000 mọ ohun tí ìbọn ṣe nígbà ìjà Ifẹ̀ òun Mọdákẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé ọ̀nà Ìbàdàn sí Iléṣà, àti ọ̀kadà àárín ìlú, kò dúró de ìjà kankan. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní oṣù kìn-ín-ní 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní Kánò dé igbá lórí, gbogbo ayé sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àwọn èrò tí ó kọ akoto tòótọ́, nítorí wọ́n ní ẹni tí ó dé e ṣáájú lè ti fi oògùn sínú rẹ̀: wọ́n bẹ̀rù ẹni tí wọn kò rí ju títì ọlọ́dà tí ó tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn lọ.