Àìná Ọnàbólú: Ọmọ Ìjẹ̀bú tó fi ọ̀dà dáhùn

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ, ibẹ̀ ṣáà ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ Ọnàbánjọ, Ọnàfowókàn tàbí Ọnàbólú ní Ìjẹ̀bú, "ọnà" tó ṣíwájú wọn kì í ṣe ọ̀nà tí à ń rìn. Àmì ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ ọnà ni: fífín, gbígbẹ́, kíkùn, ohun gbogbo tí ọwọ́ ń ṣe tó ń dùn mọ́ ojú. Síbẹ̀, ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan Àìná Ọnàbólú, aṣíwájú àwọn ayàwòrán ìgbàlódé ní Nàìjíríà, ni pé ọnà òyìnbó ló ń yà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1882. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú lójú ogun Ìmàgbọn, ní oṣù Karùn-ún 1892. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn Ìjẹ̀bú ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Lẹ́yìn ogun ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé wá rọ́ wọlé. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ni ọmọ yìí ń wò tó ń yà. Kò sí olùkọ́ kankan lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gba Èkó lọ, ó di akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ó di ìdí ọ̀dà. Lọ́dún 1906 ó fi ọ̀dà olómi ya Ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí dòní.

Ẹ rántí ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà o. Ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú lè gbẹ́ òrìṣà, àmọ́ pé ojú rẹ̀ kò lè wo ènìyàn kó sì yà á bó ṣe rí. Ìjọba amúnisìn náà kò fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ni ní àwòrán yíyà nílé ìwé. Ọnàbólú kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń ya àwọn dókítà, àwọn lọ́yà, àwọn ìyá Èkó, kálukú pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti iyì rẹ̀. Ó ya Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 1920 ó ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, ó tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà, ó sì wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé ẹ̀kọ́ St. John's Wood. Ó tún dé Académie Julian ní Párìsì. Ó gba ìwé ẹ̀rí bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó, King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn. Bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, tí èyí tó sún mọ́ni ń tóbi, ló ń tẹnu mọ́, débi pé àwọn ọmọ sọ ọ́ ní "Mr. Perspective".

Iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹnì kan, ló bá ní kí ìjọba wá olùkọ́ kún òun. Kenneth Murray ni wọ́n mú wá lọ́dún 1927. Ṣé ẹ rí ayé? Òyìnbó tó dé, òun gan-an ló ní kí àwọn ọmọ má kọ́ àṣà òyìnbó, kí wọ́n dúró ti iṣẹ́ ọwọ́ baba wọn. N kò ní ba Murray jẹ́: Ben Enwonwu jáde lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ṣe wàhálà jù kí àwọn ère wa má baà run, tí a fi ní mùsíọ́mù l'Ékòó lọ́dún 1957. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé jíjọ kì í ṣe ti baba wa?

Ẹ wo orí idẹ Ifẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1910, ó ní kò lè jẹ́ iṣẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, àfi ti àwọn Gíríìkì. Lọ́dún 1938 wọ́n tún hú òmíràn ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ojú, imú, ètè, gbogbo rẹ̀ ló jọ ènìyàn gidi. L'Ọ́wọ̀, àkó tí wọ́n ń gbẹ́ fún òkú ẹni ńlá gbọ́dọ̀ jọ olóògbé ni. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére wa kì í jẹ́ kí ère jọ ènìyàn kọjá ìwọ̀n. Yíyàn ni wọ́n yàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọnàbólú náà yan tirẹ̀.

Ó jáde láyé lọ́dún 1963. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé igbá fínfín àti ère nìkan ni "tiwa". Tí ẹ bá rí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó jókòó síbi kan tó ń ya ojú ìyá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé àṣà ta ló ń ṣe. Ẹ bi í bóyá ó jọ.