Orúkọ Ìkálẹ̀ Nínú Ilé Tuntun: Ìtàn Àmì Yorùbá àti Kíkó Ojú Òpó Lọ Sórí Ètò Tuntun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láyé òde òní, ọmọ tí a ti sọ lórúkọ tún lè kó lọ sí ilé mìíràn, kí àwọn ará ilé náà sì máa ṣi orúkọ rẹ̀ pè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí fún ọ̀rọ̀ Yorùbá nígbà tí a bá kó ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì láti orí ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sórí tuntun. Ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ pìtàn rẹ̀ lónìí, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwọn Ìkálẹ̀ wà, ní Òkìtìpupa, Òde-Ìrèlè, Ìkọ̀yà, Ìlútitun àti àwọn ìlú mìíràn. Orúkọ Ìlútitun nìkan tó láti fi hàn pé kíkó lọ sí ibùdó tuntun kò ṣàjèjì sí wọn. Ní ti èdè, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ka Ìkálẹ̀ mọ́ ẹ̀ka gúúsù-ìlà-oòrùn Yorùbá, pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Ó ní ìró gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní: ohun tí àwa ń pè ní ọwọ́, ọghọ́ ni lẹ́nu wọn. Bí ìwé kan ní Yorùbá àjùmọ̀lò bá bàjẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà mìíràn sábà máa ń wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n àkójọ ọ̀rọ̀ Ìkálẹ̀ tí ẹnì kan fi ọdún púpọ̀ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà lè má ní èkejì.

Òkìtìpupa yìí kan náà ni yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní ọdún 2008. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́, títí di ọdún 2019 tí wọ́n fi orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu sọ ọ́, ẹni tí ó ṣe gómìnà láti 2003 di 2009. Ẹ wo orúkọ Olúṣẹ́gun náà dáadáa. Àmì wà lábẹ́ ṣ, ó wà lábẹ́ ẹ, ohùn òkè sì gun orí ẹ náà. Ibo ni àwọn àmì wọ̀nyí ti wá, báwo sì ni wọ́n ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà?

Ní ọdún 1855 ni Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì mú lò fún ọ̀pọ̀ èdè. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn ará ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí ìkọsílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ tápíráítà tí ó dé ọ́fíìsì wa fún. Ẹni tí ó bá fi tẹ Yorùbá ní láti fi kálàmù kán àmì sí i lẹ́yìn tí ó bá yọ ìwé náà tán.

Kọ̀ǹpútà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni lẹ́tà jẹ́ nínú rẹ̀, àdéhùn ni ó sì ń sọ nọ́ńbà tí ó jẹ́ lẹ́tà wo. Àdéhùn ISO 8859-1 ti ọdún 1987 fi àyè gba á àti è nítorí àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa wá ọgbọ́n dá: wọ́n ya lẹ́tà tiwọn, wọ́n sì fi í sí ipò lẹ́tà àjèjì tí wọn kò lò. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, lẹ́tà àjèjì náà ni yóò yọjú.

Ọdún 1991 ni Unicode jáde láti fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, nígbà tí ó sì di 1993, ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní 1992, Ken Thompson àti Rob Pike gbé UTF-8 kalẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà to àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí pamọ́. Nínú rẹ̀, báìtì kan péré ni k ń gbà, ẹ ń gba mẹ́ta, àmì ohùn orí rẹ̀ sì ń gba méjì mìíràn.

Àwọn ètò tí ó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ kò yí padà lọ́jọ́ kan. Ọdún 2002 ni Red Hat Linux 8.0 sọ UTF-8 di àṣà rẹ̀. PHP ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2014, MySQL sì tẹ̀ lé e ní 2018. Nítorí náà, ojú òpó tí a kọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ní àdéhùn méjì tàbí mẹ́ta nínú. Kò sì lè jókòó síbẹ̀ títí, nítorí nígbà tí àwọn olùṣe ètò kan bá dẹ́kun títún un ṣe, ihò tí olè lè gbà wọlé yóò máa pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni àtìlẹ́yìn fún CentOS 7 parí, tí àwọn tí ó ń lò ó sì ní láti wá ibòmíràn.

Ojú ọ̀nà ni ẹrù ti ń bàjẹ́. Bí a bá fi UTF-8 kọ Ìkálẹ̀, tí ilé tuntun sì fi àdéhùn àtijọ́ kà á, ohun tí òǹkàwé yóò rí nìyí: ÃŒkÃ¡láº¹Ì€. Báìtì mọ́kànlá ni orúkọ náà, báìtì kọ̀ọ̀kan sì ti di lẹ́tà kan. Ṣ inú Olúṣẹ́gun yóò di á¹£, bí ẹni pé a ń ná owó pọ́n-ùn. Ó burú lójú, ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe, nítorí kò sí báìtì kan tí ó sọnù.

Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí a fipá ti ọ̀rọ̀ náà sínú àdéhùn tí kò ní lẹ́tà rẹ̀. Nígbà náà, ọghọ́ yóò di ?gh??, a ó sì fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀. Àmì ìbéèrè kò rántí ohun tí ó rọ́pò. Bí kò bá sí ẹ̀dà mìíràn, àfi kí a tún padà lọ bi àwọn àgbà, bí wọ́n bá ṣì wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da á kọ, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ẹ̀dà náà. Ẹ wádìí àdéhùn tí wọ́n fi kọ ọ́, kí ẹ yí i padà sí UTF-8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí àyípadà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó máa ń dá rúdurùdu sílẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ohun tí ilé tuntun ń kéde bá ohun tí ó wà nínú ìwé mu. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mélòó kan tí ó ní ẹ̀, ọ́ àti ṣ, kí ẹ fi ojú ara yín wò wọ́n kí ẹ tó pa ilé àtijọ́ tì.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àmì kékeré abẹ́ ẹ tó ní ipò tirẹ̀ nínú ìwé, kí ó tó tún ní i nínú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú kan péré ni ó sì lè gbà kí ó di àmì ìbéèrè. Kí Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ wa sọnù lójú ọ̀nà. Ire o.