Ayálégbé Abẹ́ Ayálégbé: Ipò Rẹ̀ Níwájú Òfin

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwọn àgbà ń pa òwe yìí láti fi hàn pé ohun tí ó bá bá òmíràn gbé pẹ́ títí yóò pín nínú ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, pípẹ́ nìkan kò tó.

Ní ojú títì Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn agboolé ti kọ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé ẹbí, ó wọ́pọ̀ kí aláṣọ kan gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan tàbí méjì, kí ó sì tún yọ̀ǹda ìdajì rẹ̀ tàbí pèpéle iwájú rẹ̀ fún aránṣọ tí yóò máa sanwó fún òun. Irú aránṣọ bẹ́ẹ̀ ni ayálégbé abẹ́, nítorí pé abẹ́ ẹ̀tọ́ aláṣọ ni ẹ̀tọ́ tirẹ̀ wà: bí ọdún aláṣọ bá pé, ti aránṣọ náà parí, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fi ohun tí kò ní tọrẹ. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí àṣà Yorùbá, níbi tí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, èyíinì ni owó tàbí irè oko tí a fi ń jẹ́wọ́ onílẹ̀, ti lè pàdánù oko bí ó bá fi í fún àlejò láìgbàṣẹ. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ayálégbé láàyè láti tún ilé yá fún ẹlòmíràn bí ìwé àdéhùn kò bá kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, béèrè àṣẹ onílé.

Síbẹ̀, a kì í da ẹrù ayálégbé abẹ́ síta bó ṣe wuni. Òfin gbígba ilé padà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jogún lọ́wọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ka ayálégbé abẹ́ mọ́ ayálégbé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìwé kó-jáde ni yóò ṣáájú, oṣù 1 fún ẹni tí ń sanwó lóṣooṣù, oṣù 6 fún ẹni tí ń san lọ́dọọdún, kí ìwé ọlọ́jọ́ 7, tí onílé fi ń kéde pé òun fẹ́ gba ilé padà, tẹ̀ lé e, kí kóòtù tó pàṣẹ.

Ohun tí ó lè sọ ewé di ọṣẹ ni ìṣe onílé fúnra rẹ̀. Bí mọ́gàjí, olórí ẹbí, bá mọ̀ pé aránṣọ wà níbẹ̀, tí ó sì ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà, tí ó ń já rìsíìtì fún un lórúkọ aránṣọ náà gan-an, kóòtù lè gbà pé àdéhùn tuntun ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹbí ni ó lè ṣe èyí: láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959 ni ó ti dájú pé ohun ìní ẹbí tí a gbé fúnni láìsí olórí ẹbí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, àti pé èyí tí olórí ẹbí dá nìkan ṣe láìsí àwọn àgbà ẹbí ṣeé fagi lé.

Nítorí náà, kí aránṣọ tó san kọ́bọ̀, ó yẹ kí ó rí ìwé àdéhùn aláṣọ, kí ó wo ọjọ́ tí yóò parí, kí ó sì gba àṣẹ mọ́gàjí ní kíkọ, torí bí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù padà, ọ̀dọ̀ aláṣọ tí ó gba owó ni ó ti lè béèrè rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹbí tí kò bá a ṣe àdéhùn kankan.